Wọ́n fún tíṣà wa níwèé ọlá, kòtò àgbàrá wa ńkọ́?

Ìwé kan wọlé sí mi láti ọwọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò kan ní ọ̀kan nínú àwọn ìlú Yorùbá wa ní orílẹ̀-èdè Benin. Ó ní kí n má dárúkọ ìlú náà, n kò sì ní í dárúkọ rẹ̀. Ohun tó kọ nìyí:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Níbi ìjókòó ìgbìmọ̀ kọmúnù (ìjọba ìbílẹ̀ wa) tó kọjá, wọ́n pe tíṣà àgbà kan ládùúgbò wa tó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un níwèé ọlá, wọ́n ya fọ́tò, gbogbo wa sì pàtẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n jáde sí ọgbà, a rán wọn létí kòtò àgbàrá tí a ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ọdún mẹ́ta, torí bí òjò bá ti ṣú báyìí, ilé mẹ́fà ló ń kó ẹrù sórí tábìlì. ‘A ti gbọ́’ ni wọ́n fi dá wa lóhùn. Inú ń bí àwọn ọ̀dọ́ wa. Wọ́n ní kí bàbá dá ìwé ọlá náà padà, pé títí wọ́n á fi gbẹ́ kòtò, ẹnikẹ́ni láti àdúgbò wa ò gbọdọ̀ gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn mọ́. Kí lẹ rí sí i? Báwo sì ni kòtò ṣe ń wọ ètò iṣẹ́ mairie, ọ́fíìsì kọmúnù, gan-an?”

Akọ̀wé wa, ẹ kú àfaradà omi. Ilé Kétu níbí ni mo ti ń kọ èsì yìí, ṣùgbọ́n mairie ibòmíràn ni mo ti lo ìgbà iṣẹ́ mi, nínú yàrá tí wọ́n ti ń to ètò iṣẹ́ jọ. Mo ti rí ìwé ọlá tó pọ̀ níbẹ̀. Kòtò tí mo rí lórí pépà tí kò sì dé ilẹ̀ rí, ó pọ̀ jù wọ́n lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá àwọn ọ̀dọ́ lóhùn. Kí bàbá má dá ìwé náà padà. Àwọn ọmọ tó kọ́ di èèyàn ni wọ́n torí ẹ̀ yẹ́ ẹ sí, a kì í sì í fi àgbà dógò nítorí gbèsè tí kì í ṣe tiẹ̀. Àti pé bí ó bá tilẹ̀ dá a padà, kí ni mairie pàdánù? Ìwé ọlá ò ná wọn ju pépà, férémù àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò díẹ̀ lọ. Ohun tí kò ná èèyàn ní nǹkan, ẹ ò lè fi dùn ún.

Ohun tó ń dà yín láàmú ni pé ọjọ́ kan náà, lẹ́nu àwọn èèyàn kan náà, ni ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì, ẹ wá rò pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà. Ìwé ọlá, ẹnu ló ń gbé e. Ẹnì kan á dá a lábàá, àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwùjọ àti àṣà nínú ìgbìmọ̀ á yẹ̀ ẹ́ wò, ìgbìmọ̀ á nawọ́ sókè, ó tán. Kòtò ní tiẹ̀, ìlà ló ń gbé e: ìlà kan nínú ìwé kan, tó ní nọ́mbà, tó sọ ibi tí iṣẹ́ wà, iye tó máa ná wọn àti ọdún tí wọ́n máa ṣe é. Ọ̀rọ̀ tí kò bá di ìlà, bí ẹni fomi kọ̀wé sórí yangí ni. Tiyín tilẹ̀ tún wá burú sí i, torí nínú ọgbà lẹ ti sọ ọ́, lẹ́yìn tí ìjókòó ti tú. Kò sí akọ̀wé tó kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú ìwé ìròyìn ìjókòó ọjọ́ yẹn, bàbá tíṣà wà níbẹ̀ tòun ti orúkọ rẹ̀. Omi yín ò sí níbẹ̀.

Ní Kétu, a mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe méjèèjì pọ̀. Lálẹ́ Ẹ̀fẹ̀, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ojú ọ̀sán tó jáde, Ẹ̀fẹ̀ á kọrin kí ẹni tó ṣe dáadáa, á sì fi ẹnu kan náà tú àṣírí ẹni tó jẹ owó ìlú, olúwarẹ̀ ò sì gbọdọ̀ bá a jà. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yìí kan náà ni UNESCO kà mọ́ àjogúnbá aráyé ní 2001. Àṣà yẹn ò dé mairie. Níbẹ̀, ìyìn ní ìwé tirẹ̀, iṣẹ́ ní ìwé tirẹ̀, ìbáwí ò ní ìwé kankan.

Lórí ọlá fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀. Ọwọ́ mẹ́ta ló ń yẹ́ni sí nílẹ̀ wa, kí ẹ má pa wọ́n pọ̀. Oyè, ààfin ló ni ín. Mẹ́dà orílẹ̀-èdè, Grande Chancellerie, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí mẹ́dà, ló ni ín. Mairie lè kọ̀wé gbè yín lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò lè fi mẹ́dà yẹn kọ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Ohun tó wà lọ́wọ́ mairie ni ìwé ìkíni bí irú ti bàbá yín, pípe àlejò ní ọmọ ìlú ọlọ́lá, àti sísọ òpópónà tàbí gbàgede lórúkọ èèyàn. Èyí tó kẹ́yìn yìí nìkan ni mo kà sí iṣẹ́ ńlá. Ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó lé e lórí kí wọ́n sì kọ ìpinnu wọn ránṣẹ́ sí préfet, aṣojú ìjọba orílẹ̀-èdè ní ẹkùn wọn, orúkọ náà á sì wà lẹ́nu àwọn ọlọ́kọ̀ zẹ́mi (ọ̀kadà) títí ọmọ-ọmọ yín á fi dàgbà. Ẹ wo Àjàṣẹ́ (Porto-Novo): ère ọba ìlú ló dúró ní gbàgede kan níbẹ̀, síbẹ̀ orúkọ Bayol, aláṣẹ Faransé ayé àtijọ́, ni wọ́n ṣì fi ń pe ibẹ̀. Orúkọ tó bá ti lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ère ò lè lé e lọ. Nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ́ sọ òpópónà lórúkọ ẹnì kan ládùúgbò yín, ẹ fara balẹ̀, ẹ bi àwọn tó ni ilẹ̀ léèrè orúkọ tí ibẹ̀ ń jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ó tó. Ẹ jẹ́ ká bọ́ sínú kòtò.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń béèrè ni pé: ta ló ni ọ̀nà tí omi yẹn ń gbà kọjá? Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà orílẹ̀-èdè, irú èyí tí ọkọ̀ ẹrù ń gbà lọ sí Pọ́bẹ̀ tàbí sí ibodè Ìlárá, kì í ṣe kọmúnù ló ni kòtò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìjọba orílẹ̀-èdè ni, ohun tí maire, olórí kọmúnù, sì lè ṣe kò ju kó kọ̀wé lọ. Bí ó bá jẹ́ òpópónà inú àdúgbò ni, ti kọmúnù ni láìsí àní-àní: òpópónà inú ìlú, ọ̀nà oko, kòtò àgbàrá, ọjà, gáràjì, iná ìta, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà lára ohun tí òfin gbé lé kọmúnù lọ́wọ́. Mo mọ àdúgbò kan tó fi ọdún púpọ̀ bá maire jà lórí kòtò tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ má kó sí irú rẹ̀.

Tí ó bá jẹ́ ti kọmúnù, ìwé mẹ́ta ló yẹ kí ẹ mọ̀ bí ẹ ṣe mọ ọjọ́ ọjà. Èkíní ni PDC, ètò ìdàgbàsókè ọlọ́dún márùn-ún. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn kọmúnù 77 tó wà ní Benin ló yẹ kó ní tirẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń gé èkejì, PAI, ètò iṣẹ́ ti ọdún kan ṣoṣo. Ẹ̀kẹta ni ètò ìnáwó ọdún náà. PDC sanra púpọ̀, ó sì kún fún ohun dáadáa. Ẹnikẹ́ni ò lè ka gbogbo rẹ̀ kó má rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí kòtò yín bá wà nínú PDC nìkan, ìrètí lẹ ní. Bí ó bá wọ PAI, ẹ ti ní ọ̀rọ̀. Bí ó bá wọ ètò ìnáwó, ẹ ti ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ọjọ́. Nítorí náà, ẹ lọ sí mairie, ẹ bá ọ́fíìsì tó ń rí sí ètò ìdàgbàsókè, ẹ ní kí wọ́n fi PAI ọdún yìí hàn yín. Ìwé ìlú ni, kì í ṣe awo. Ẹ mú kálámù dání, ẹ wá àdúgbò yín nínú rẹ̀.

Ta lẹ máa lọ rí? Níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í nìyí. Láti ìgbà tí òfin 20 oṣù kejìlá 2021 lórí ìṣàkóso agbègbè ti dé, maire kọ́ ló ń buwọ́ lu ìnáwó mọ́. Akọ̀wé aláṣẹ mairie, ẹni tí wọ́n ń pè ní SE, ló ń darí àwọn òṣìṣẹ́ tó sì ń pàṣẹ pé kí owó jáde. Gègé ni wọ́n tilẹ̀ fi mú àwọn tó kọ́kọ́ jókòó sí ipò yẹn. Maire ṣì ni olórí ìgbìmọ̀, òun ló sì ń gbé ìwé ọlá lé àwọn èèyàn lọ́wọ́ nínú fọ́tò, torí náà òun ni gbogbo ènìyàn ń lọ bá. Ẹ bá a lọ, kò burú, torí ìgbìmọ̀ ló ń dìbò fún PAI àti ètò ìnáwó. Ṣùgbọ́n ìwé tí ẹ bá kọ, ẹ kọ ọ́ sí maire, kí ẹ fún SE ní ẹ̀dà kan àti CA yín (olórí arrondissement, ìpín kan nínú kọmúnù) ní ẹ̀dà kan, kí délégué, olórí àdúgbò, sì fọwọ́ sí i. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ ìgbàwé mọ́ ẹ̀dà tí ẹ̀yin fúnra yín mú bọ̀ wálé. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, ẹ kà á sí pé ẹ ò kọ ọ́.

Nísinsìnyí, ohun tí ẹ máa kọ sínú ìwé náà. “A ń jìyà” ò tó. Gbogbo àdúgbò ló ń jìyà, gbogbo wọn ló sì ń kọ bẹ́ẹ̀. Mo ti ka irú lẹ́tà yẹn débi pé mo lè ka ìparí rẹ̀ lórí kí n tó ṣí àpòòwé. Ẹ dúró de ọjọ́ òjò. Bí ó bá ti ń rọ̀, kí ọ̀dọ́ méjì wọ bàtà òjò, kí wọ́n tẹ̀ lé omi náà láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tó parí sí. Kí wọ́n ya fọ́tò, kí ọjọ́ hàn lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n fi okùn wọn gígùn ọ̀nà náà àti fífẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n ka ilé tí omi ń wọ̀, kí wọ́n sì fi àmì sára ògiri níbi tí omi dé. Kí wọ́n kọ ọ́ bí ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn tàbí ọjà bá wà lójú ọ̀nà omi yẹn. Ojú ìwé méjì ti tó. Òṣìṣẹ́ tó bá rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀ á yọ̀, torí ẹ ti bá a ṣe ìdajì iṣẹ́ tí kò rí epo sínú alùpùpù láti lọ ṣe. Ẹ má fojú kéré ọ̀rọ̀ epo yẹn. Mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Ibi tí omi parí sí ni kókó. Ilẹ̀ pupa wa níhìn-ín máa ń fa omi dáadáa nígbà tí koríko bá wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èèyàn àti alùpùpù bá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì ti ro gbogbo ẹ̀yìnkùlé, ojú rẹ̀ á dì, omi á máa sáré lórí rẹ̀ bí ẹni ń sá fún ọlọ́pàá, á sì gbẹ́ ilẹ̀ lọ. Bí ẹ bá gba kòtò tí kò ní ibi tí yóò tú omi sí, ẹ ò lé omi lọ. Ẹ kàn kó o fún àwọn ará ìsàlẹ̀ ni. Ilé mẹ́fà ni tiyín. Tiwọn lè di mẹ́wàá, wọ́n á sì wá fi òkúta dí ẹnu kòtò yín lóru. Mo ti rí i. Nítorí náà, kí ẹ tó lọ sí mairie, ẹ lọ bá àdúgbò ìsàlẹ̀, ẹ jókòó pẹ̀lú wọn, kí ẹ jọ fọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo. Àdúgbò méjì tó ń béèrè ohun kan náà ṣọ̀wọ́n débi pé ìgbìmọ̀ á gbé orí sókè wò yín.

Ẹ tún béèrè bí ẹnì kan bá ti kọ́lé tàbí mọ ògiri sójú ọ̀nà omi. Bí wọ́n bá ti pín ilẹ̀ àdúgbò yín, ó yẹ kí àyè ọ̀nà hàn lórí máàpù mairie. Ọ̀rọ̀ yìí gbóná, ó sì lè jẹ́ ìbátan akọ̀wé ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ló ni ògiri náà. Ẹ yanjú rẹ̀ nílé kí ẹ tó gbé e jáde, torí ẹjọ́ ilẹ̀ kan ṣoṣo tó láti mú kí wọ́n gbé owó kòtò yín lọ sí arrondissement mìíràn.

Ìgbà ńkọ́? Oṣù méjìlá ni ọdún ìnáwó, láti oṣù kìíní. Ìparí ọdún ni ìgbìmọ̀ ń dìbò fún ètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀, wọ́n á sì gbé e lọ sọ́dọ̀ préfet kó tó lágbára. Ti àwa Kétu, Pọ́bẹ̀ ló ń lọ. Kó tó di ìgbà yẹn, wọ́n máa ń kọ́kọ́ jíròrò ibi tí owó máa gbà. Ìgbà ìjíròrò yẹn ni tiyín. Bí ìwé yín bá dé ní oṣù keje tàbí ìkẹjọ, ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣírò. Bí ó bá dé ní oṣù kejìlá, ẹ ti pẹ́ ní ọdún kan gbáko, kò sì sí ẹni tó máa sọ fún yín. “A ti gbọ́” náà ni wọ́n máa sọ.

Ẹ tún mọ̀ pé kòtò tó ti rí owó kì í ṣe kòtò tó ti rí ṣọ́bìrì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, mairie á gbé àkójọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe jáde lórí ìkànnì ìjọba. PPM ni wọ́n ń pè é, ẹ lè kà á lórí fóònù. Lẹ́yìn náà ni ìpolówó, gbígba ìwé àwọn agbaṣẹ́ṣe, ṣíṣí i, àyẹ̀wò, àríyànjiyàn ẹni tí kò wọlé, ìbuwọ́lùwé. Òfin iṣẹ́ ìjọba ti oṣù kẹsàn-án 2020 ló ní kó rí bẹ́ẹ̀, ó sì dára pé ó rí bẹ́ẹ̀, torí a mọ bí nǹkan ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kí gbogbo rẹ̀ tó parí, oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà ti dé, òjò ńlá ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá yẹ̀ é, òjò kejì ti ń dúró ní oṣù kẹsàn-án. Ìdí rèé tí ẹ fi ń rí àwọn tó ń gbẹ́ kòtò nínú omi, tí ẹ sì ń pè wọ́n ní wèrè. Ìwé ló pẹ́. Ọ̀gá mi àtijọ́ kan máa ń to ìwé gbogbo iṣẹ́ omi sórí pátápátá, kí wọ́n lè bọ́ sínú ẹ̀ẹ̀rùn. Iṣẹ́ kíláàsì lè dúró díẹ̀, ó ní òrùlé ò bìkítà fún oṣù tí wọ́n kàn án. Bí ẹ bá rí kòtò yín nínú ètò, ohun tó kù tí ẹ máa béèrè nìyí: ṣé ìwé rẹ̀ máa ṣáájú?

Ti owó, ní kúkúrú: iṣẹ́ ńlá sábà máa ń jẹ nínú owó tí ìjọba ń pín fún kọmúnù. FADeC ló ń jẹ́ láti 2008, FIC ló wá rọ́pò rẹ̀. Owó tí mairie fúnra rẹ̀ ń rí, owó ìsọ̀ ọjà àti àwọn owó orí kéékèèké, kì í tó iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti kó iyanrìn kúrò nínú kòtò tó ti wà. Bí ó bá jẹ́ pé dídí ni kòtò yín dí, ẹ má béèrè kòtò tuntun. Ìyàtọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì sí ọdún méjì ni.

Mo fẹ́ padà sórí ọlá lẹ́ẹ̀kan sí i, torí mo ní ẹ̀bi kan tí ojú rẹ̀ ṣì ń tì mí. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, agbaṣẹ́ṣe kan kọ́ kíláàsì mẹ́ta fún wa, ó parí lásìkò, èyí tí kì í sábà ṣẹlẹ̀. Ìgbìmọ̀ ní kí a yẹ́ ẹ sí. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ ìyìn, mo sì kọ ọ́ dáadáa. Gbígbà iṣẹ́ onígbà díẹ̀ nìkan la tíì ṣe. Ọdún kan ló yẹ kó kọjá kí a tó gbà á pátápátá, kí a sì dá owó ìdánilójú rẹ̀ padà fún un. Ní òjò tó tẹ̀ lé e, fàráńdà la láti ìpìlẹ̀. Kò sí ẹni tó lè la ẹnu nínú ìgbìmọ̀ pé kí a di owó náà mú, torí fọ́tò gbogbo wọn pẹ̀lú rẹ̀ wà lára ògiri. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbẹ́ kòtò yín tán, tí ẹ fẹ́ fi àgbò dúpẹ́, ẹ jẹ́ kí òjò ọdún kan gbà á kọjá ná.

Àwọn tí ẹ lè dábàá orúkọ wọn fún ìwé ọlá láìbẹ̀rù ni àwọn tó ń gbá ẹnu kòtò. Àwọn obìnrin mẹ́ta tàbí mẹ́rin máa ń wà ní gbogbo àdúgbò tó ń fi ọkọ́ kó iyanrìn kúrò kí òjò tó dé, tí ẹnì kankan ò rán wọn. Ẹ kọ orúkọ wọn. Mairie tó bá ti yẹ́ wọn sí ní gbangba á rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó jẹ́ kí kòtò tí wọ́n ń tọ́jú wó lulẹ̀. Mo mọ̀ pé ọgbọ́n àrékérekè díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin náà yẹ fún un.

Ọ̀rọ̀ bàbá tíṣà kù. Ìjókòó ìgbìmọ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n ọmọ ìgbìmọ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n yẹ́ sí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ará ìlú kan ṣoṣo tí wọ́n ń gbé maikí fún. Àwọn ọ̀dọ́ yín á ní kó ti lo ìṣẹ́jú yẹn fún kòtò. N kò ní gbà wọ́n níyànjú bẹ́ẹ̀; ẹni tó fi ọpẹ́ tọrọ nǹkan ti ba méjèèjì jẹ́. Ṣùgbọ́n mairie tún máa ń pe ìlú jọ láti ṣírò iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, níbẹ̀ ni ará ìlú ti ní ẹnu. Ẹ béèrè ọjọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ CA. Lọ́jọ́ náà, kí bàbá gan-an dìde, kó ka nọ́mbà ìlà tí ẹ rí nínú PAI, kó béèrè ibi tó dé, kó sì jókòó. Wọ́n ti sọ ọ́ ní gbangba pé ọlọ́lá ni. Ó máa ṣòro fún wọn láti sọ fún un pé “a ti gbọ́”.

Bí ẹ bá sì dé ọ́fíìsì ètò, tí ẹ wá ìlà náà títí tí ẹ ò rí i, ẹ má bínú níbẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ lọ àti ipò ẹni tó fi ìwé hàn yín, kí ẹ kọ̀wé sí mi kí oṣù keje tó pé. Èmi àti yín á jọ kọ ojú ìwé méjì yẹn.